Ojú Rilwan, Orúkọ Ṣèyí

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Toronto àti agbègbè ẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà tó láti rántí Ṣèyí Ọlárìndé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ mi yìí dópin. Ohun tí mo ti ń gbé mì láti ohun tó lé ní ogún ọdún ni mo fẹ́ pọ̀ jáde. Kì í ṣe àìsàn ló ń lé mi o. Dókítà ní ara mi le. Ọmọbìnrin kan ló wọ ọ́fíìsì mi ní Downsview, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bi mí ní ìbéèrè kan, mo sì purọ́ fún un bí mo ṣe máa ń ṣe. Ìgbà tó jáde tán ni mo rí i pé irọ́ náà kò gbà lẹ́nu mi mọ́.

Orúkọ mi ni Akínyínká Ṣíwọlá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí lónìí mọ̀ mí sí Barrister, ẹni tó ń bá yín yẹ ìwé ilé wò, tó ń bá àwọn àbúrò yín kojú ìjọba tí ọ̀rọ̀ ìgbélùú wọn bá há. Ẹ máa ń ní kò sí irọ́ tó lè kọjá níwájú mi. Ó yẹ kí n dá irọ́ mọ̀, a ti jọ gbélé pẹ́. Kí n tó wọ aṣọ dúdú, baseball ni mò ń gbá, wọ́n sì ń sanwó fún mi láti gbá a. Èmi, Rilwan àti Ṣèyí wà lára àwọn ọmọ Yorùbá tó kọ́kọ́ fi eré yìí jẹun ní agbègbè yìí. Ìlọrin la ti kọ́ ọ, lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ kan tí ewúrẹ́ ń jẹko lórí ẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Herons ti gbọ́ ìròyìn wa, ni wọ́n bá ní ká máa bọ̀ ní Downsview. Ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà ni èmi àti Rilwan. Ṣèyí kéré sí wa, Brother ló ń pè wá, òun ló ń se oúnjẹ nínú yàrá tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ rẹ́ǹtì, òun ló ń fọ abọ́, kò sì ráhùn rí. Lórí pápá, òun ló máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń dúró de ìgbà tó bá rẹ Rilwan.

Ẹ jẹ́ kí n la eré náà yé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan dúró láàárín pápá, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù. Alátakò ẹ̀ dúró lókèèrè pẹ̀lú igi lọ́wọ́, ó fẹ́ gbá a. Ẹnì kẹta lóṣòó sẹ́yìn onígi, òun ló ń hán bọ́ọ̀lù náà bí igi bá tàsé ẹ̀. Rilwan ló ń jù ú. Èmi ni mò ń lóṣòó. Ẹni tó ń jù ú ni gbogbo èrò ń wò, àmọ́ ẹni tó lóṣòó ló ń sọ irú èyí tí yóò jù fún un: èyí tó yára, èyí tó ń yí lójú ọ̀nà, tàbí èyí tó ń rọra bọ̀ tí onígi á ti ju igi ẹ̀ tán kó tó dé. Bí onígi bá lè mọ èyí tó ń bọ̀, ọ̀ràn ti bá ẹni tó ń jù ú.

Ìka ni àwọn yòókù fi ń sọ ọ́, lábẹ́ itan, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i. Àwa ń fi Yorùbá pariwo ẹ̀ ní tiwa. Ṣèyí ló gbé e kalẹ̀ nínú kíṣìnì lọ́jọ́ kan tó ń rokà. Ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ iná, èyí tó yára ni. Ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ ríro, èyí tó ń yí ni. Bí mo bá sì ní kó sọ nǹkan kalẹ̀ tàbí kó jẹ́ kó tutù, èyí tó ń rọra bọ̀ ni. A kì í sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. “Dáná, ebi ń pa àwọn àlejò!” “Rò ó dáadáa, má jẹ́ kó ní kókó!” “Sọ ìkòkò yẹn kalẹ̀, jàre!” Àwọn òyìnbó á máa rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé orin là ń kọ. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ há a sórí, àfi kí ẹni tó gbọ́ Yorùbá wà láàárín wọn.

Ọkùnrin kan láti Amẹ́ríkà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo Rilwan. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa káàkiri, kó máa ṣa àwọn tó dáa jù fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá. A máa ń rí i lẹ́yìn wáyà tó yí pápá ká, pẹ̀lú fìlà tó bò ó lójú. Látìgbà náà ni ara ti ń fu mí. Rilwan á gba fóònù, á jáde sínú òtútù láìwọ jákẹ́ẹ̀tì. Mo bá a tó ń dá rẹ́rìn-ín ní kọ́rídọ̀. Tí mo bá wọlé, á dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Kí ló kan ọmọ Ìlọrin nínú ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́? Mo bi í pé, “Rilwan, kí ni ọkùnrin yẹn ń bá ẹ sọ?” Ó ní, “Ah-ah, Yínká, kò sọ nǹkan kan jàre. He's just watching.” Kò wò mí lójú nígbà tó ń sọ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo ń wo bàtà ẹ̀ bóyá ó ra tuntun, mo ń wo báàgì ẹ̀ bóyá ó ti ń kẹ́rù díẹ̀díẹ̀. Ṣèyí rí mi, ó sì ní, “Brother Yínká, ẹ fi Brother Rilwan sílẹ̀ jàre. Tí wọ́n bá mú wọn, ẹ jẹ́ ká bá wọn yọ̀.” Ni mo bá ń fura sí Ṣèyí náà. Mo ní ṣebí tí Rilwan bá lọ, àyè á ṣí sílẹ̀ fún òun. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tó bá ti bàjẹ́ ṣe ń ṣírò.

Ìyá kan wà ní North York nígbà náà, Mama Adélọ́lá, tó ti kúrò nílé látìgbà ayé àwọn sójà. Ó máa ń rọ oúnjẹ sínú kúlà fún wa. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, Tòkunbọ̀, náà ń gbá baseball, nínú ẹgbẹ́ mìíràn. Lọ́jọ́ kan tí èmi nìkan lọ gba oúnjẹ, ọmọ náà jókòó sídìí tábìlì, ó ń tẹ fóònù. Ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ sí i ní Yorùbá, ó fi English fèsì, ni ìyá ẹ̀ bá ní kí n má dá a lóhùn, pé kò gbọ́ nǹkan kan. Mo fẹ́ dá ìyá náà lẹ́rìn-ín. Mo ní, “Mummy, irun orí ọmọ yín yìí mà dà bí ìtẹ́ ẹyẹ tí òjò pa.” Mo máa ń fá orí mi kodoro nígbà náà. Ọmọ náà kò gbójú sókè. Ó ní, “At least I have some, Uncle.” A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ìyá ẹ̀. Mo gbé kúlà, mo dágbére, àmọ́ mo mú ohun tí mo gbọ́ yẹn dání. Ọmọ náà ń gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ẹnu ẹ̀ nìkan ni kò sọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan, ọkùnrin Amẹ́ríkà náà ń bọ̀ wá wo Rilwan fún ìgbà ìkẹyìn kó tó mú ìpinnu. Ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá pàdé ni ẹgbẹ́ Tòkunbọ̀. Láàárọ̀, kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo rí kúlà Mama Adélọ́lá nínú ẹrù wa. Mo ní, “Ṣèyí, bá mi gbé kúlà yìí fún Tòkunbọ̀, kó bá wa dá a padà fún Mummy.” Ṣèyí kì í kọ iṣẹ́ fún ẹni tó jù ú lọ. Ó gbé e kọjá lójú gbogbo èèyàn, òun àti ọmọ náà sì dúró rẹ́rìn-ín díẹ̀ nídìí wáyà. Mi ò ro ibi sí i nígbà tí mo rán an. Mo sọ èyí kì í ṣe láti gba ara mi sílẹ̀, bí kò ṣe kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé èmi ni mo rán an.

Kò pẹ́ sígbà náà ni kóòṣì pe èmi àti Rilwan sápá kan. “They've got a Nigerian kid on their bench,” ló wí. “Fingers today, okay?” Rilwan yíjú sí mi. “Yínká, ìwọ lo máa ń lọ sílé wọn. Ọmọ yẹn, ṣé ó gbọ́ Yorùbá?”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, ibi yìí ni kẹ́ ẹ ti wò mí dáadáa. Kò sẹ́ni tó di ìbọn mọ́ mi létí. Ọkùnrin náà ti jókòó sẹ́yìn wáyà, Rilwan sì ti gbójú sí i lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń kí ọ̀rẹ́. Mo rí ìkíni yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ọmọ tí wọ́n bí síbí? Rilwan, ìwọ náà! Ọmọ yẹn ò gbọ́ ‘wá jẹun.’” Òun náà rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, a sì máa ń sọ̀rọ̀ wọn, a máa ń sọ ti bàbá wọn, níṣojú wọn nínú mọ́tò, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé wọn ò gbọ́. Rilwan gbà mí gbọ́ nítorí pé ohun tí gbogbo wa ti gbà tẹ́lẹ̀ ni mo sọ. Ó ní fún kóòṣì pé, “No wahala, Coach. The boy no dey hear am.”

Ohun tí mo fẹ́ kò ju pé kí wọ́n nà án lọ́jọ́ náà, kí ọkùnrin yẹn rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, kó bá tiẹ̀ lọ, kí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa bá ayé wa lọ bá a ṣe wà. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fẹ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ wò ó, agbẹjọ́rò tún ti dé. Ẹ má dá a lóhùn.

Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ Rilwan dùn. Mo ní kó dáná, ó dáná. Láti abẹ́ irin tí mo fi bojú ni mo ti ń wo Tòkunbọ̀ lórí bẹ́ǹṣì wọn. Mo rí i tó gbé orí sókè. Mo rí i tó sún mọ́ ẹni tó jókòó tì í, tó sọ nǹkan sí i létí. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Ẹyọ kan ni fún iná, méjì fún ríro; tó bá ti dákẹ́, a jẹ́ pé mo ní kí Rilwan sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọn yòókù rò pé ó ń ki àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ láyà ni. Èmi tí mo mọ̀, mo tún gbóhùn sókè sí i. “Rò ó, apá ọ̀tún ti ń di kókó!” Bọ́ọ̀lù náà yí, igi sì ti wà níbi tó yí sí. Ó fò kọjá wáyà, èyí tó burú jù fún ẹni tó ń jù ú. Òmíràn tún fò. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Rilwan pè mí sáàárín pápá, òógùn ti bò ó lójú. Ó ní, “Yínká, kí ló ń ṣẹlẹ̀? Ṣé ọwọ́ mi ló ń tú àṣírí mi ni?” Mo ní, “Ọwọ́ ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ṣáà máa jù ú.” Mo tún fọwọ́ gbá a léjìká bí ọ̀rẹ́ ṣe ń ṣe.

Bí mo ṣe ń padà, mo rí ọkùnrin Amẹ́ríkà náà tó ti ń palẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo lè fi ìka sọ èyí tó kàn, kò sẹ́ni tí ì bá bi mí. Àmọ́ nǹkan kan wà nínú mi tí kò tíì yó. Mo lóṣòó, mo ní, “Jẹ́ kí iná yẹn ràn dáadáa, bàbá!” Tòkunbọ̀ pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan. Rilwan fi gbogbo agbára tó kù fún un jù ú. Igi onígi náà ti ń bọ̀ kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ Rilwan. Bọ́ọ̀lù náà kò lọ sókè, kò yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó padà síbi tó ti wá, ó sì bá Rilwan lójú òsì. Rilwan jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó rẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Ojú náà kò ríran mọ́ títí dòní.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Ó kù. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Rilwan wà ní ọsibítù, kóòṣì kó wa jọ sínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ní àwọn yẹn mọ gbogbo bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀, pé ẹnì kan ló tú wa fó. Ó kọjú sí mi, ó ní ṣé ó dá mi lójú pé ọmọ yẹn ò gbọ́ Yorùbá. Tí mo bá ní ó gbọ́, ọ̀rọ̀ parí sí mi lọ́rùn. Mo ní kò gbọ́ ọ rárá. Ó ní, a jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ́ ọ. Gbogbo ojú bẹ̀rẹ̀ sí í yí káàkiri, ẹnì kan ń wo ẹnì kejì. Ó ní ta ló rí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ọmọ náà. Mo mọ̀ pé wọ́n rí i. Mo mọ̀ pé tí ẹlòmíràn bá dárúkọ Ṣèyí, ohun tí Ṣèyí máa sọ nìyẹn, pé èmi ni mo rán òun, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè bí mo ṣe mọ ilé ọmọ náà tó. Mo rò ó pé kí n tètè dé ibẹ̀ ṣáájú wọn. Mo ní, “I saw Ṣèyí with him. Before the game. They were laughing.”

Ṣèyí kò tiẹ̀ bínú. Ó wò mí bí ẹni pé mo gbàgbé ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni, pé mo ṣì máa parí ẹ̀. Nígbà tí mi ò parí ẹ̀, ó ní, “Brother Yínká, ẹ sọ fún wọn. Kúlà Mummy. Ẹ̀yin lẹ rán mi.” Mo ní, “Èmi kẹ̀?”

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti gba ẹnu sọ̀rọ̀ fún wákàtí mélòó kan ní kóòtù rí, mi ò tíì sọ ohun tó ba nǹkan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láyé mi. Ó sọ ọ́ fún wọn ní English, ó sọ ọ́ ní Pidgin, “Coach, I swear, na him send me,” àmọ́ wọ́n ti mọ ẹni tí àyè máa ṣí sílẹ̀ fún tí Rilwan bá ṣubú. Wọ́n lé e. Ẹgbẹ́ náà ni ìwé ìgbélùú ẹ̀ rọ̀ mọ́, nítorí náà ó padà sílé, ó lọ ń gbé Ìbàdàn. Kó tó lọ, ó se oúnjẹ sílẹ̀ fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Ẹgbẹ́ náà tú ká nígbà tó yá. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́, mo di agbẹjọ́rò, iṣẹ́ tó bá mi mu gan-an, torí wọ́n ń sanwó fún mi láti máa fura. Rilwan ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nínú wíáháòsì ní Bramalea, ó fẹ́ Fatimoh, ó kọ́lé, ó sì gbà pé Ṣèyí ló ta ojú òun. Ó sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi í nípa ojú náà, ẹ̀yin náà sì bá a sọ ọ́ káàkiri. Mo dúró tì í. Ẹ máa ń yìn mí pé mo jẹ́ ọ̀rẹ́ gidi. Ẹ ò mọ̀ pé mò ń ṣọ́ ọ ni. Tó bá fi ojú kan tó kù yẹn wò mí pẹ́ díẹ̀, màá dìde lọ fọwọ́. Tó bá pè mí láìròtẹ́lẹ̀, màá jẹ́ kó dún dáadáa kí n tó gbé e, kí n lè tún ohùn mi ṣe. Ṣèyí pè é láti Ìbàdàn níye ìgbà. Rilwan béèrè lọ́wọ́ mi bóyá kí òun gbé e. Mo di Barrister mọ́ ọn lọ́wọ́, mo ní, “Má gbé e o. Ohun tó bá sọ lè kó ẹ sí wàhálà.” Wàhálà wo? Tèmi ni.

Mo tún pàdé Tòkunbọ̀ nínú subway, ó ti di géńdé ọkùnrin. Ó bá mi ṣeré díẹ̀, lẹ́yìn náà ló ní, “Uncle, I always wondered why you kept talking.” Mo ní mi ò mọ̀ pé ó gbọ́. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, “You knew. You were in our kitchen.” Ó sọ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Ọ̀pọ̀ oṣù ni mi ò fi wọ subway mọ́, pé bóyá ó ti lọ sọ fún Rilwan.

Ẹ gbọ́ èyí náà, torí òun ni mo fi ń tu ara mi nínú fún ìgbà pípẹ́. Nígbà òtútù kan, èmi àti Rilwan jókòó nínú mọ́tò ẹ̀, yìnyín ń bọ́, ó ní òun ní ohun tí òun fẹ́ jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní, “Yínká, lọ́jọ́ yẹn, mo ti gbà fún ọkùnrin Amẹ́ríkà yẹn pé èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Ó ní àwọn ò nílò ẹ. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Dákun, dárí jì mí.” Ohun tí mo fura sí, òótọ́ ni! Omi wà lójú kan tó kù fún un yẹn, ó ń bẹ̀ mí. Mo gbé ọwọ́ lé e léjìká, mo ní, “Ó ti tán, mo ti dárí jì ẹ́.” Mo dárí jì í o. Ẹ̀yin èèyàn, mo jókòó síbẹ̀, mo gba ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí mo fọ́ lójú, mo sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ yẹn.

Lọ́dún yìí, Fatimoh fi ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan sí yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn, Tẹniọlá ni wọ́n ń pè é, ó ń lọ sí yunifásítì ní North York. Daddy àti Mummy ló ń pè wọ́n. Rilwan fẹ́ràn ẹ̀, ó bá a ra bàtà yìnyín. Lọ́jọ́ kan, ọmọ náà gbé fọ́tò bàbá ẹ̀ sójú fóònù ẹ̀, torí ó pé ọdún méjì tí bàbá náà kú. Rilwan rí fọ́tò náà. Ṣèyí ni. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. “Barrister, kọ ìwé tí mo fi máa lé e jáde fún mi. Ọmọ ẹni tó fọ́ mi lójú ló ń sùn lábẹ́ ilé mi. Ta ló rán an? Kí ló wá ṣe?” Òun náà ti ń fura báyìí, mo ti kó àìsàn mi ràn án. Mo ní màá kọ ọ́.

Kí n tó kọ ọ́, Rilwan ti ní kí ọmọ náà máa kẹ́rù, ọmọ náà gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu ẹ̀, ó sì wá sọ́dọ̀ mi fúnra ẹ̀. Ó kúnlẹ̀, mo ní kó jókòó, ó jókòó sétí àga. Ó ní, “Sir, Daddy tó bí mi máa ń sọ̀rọ̀ yín. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rán wọn lọ gbé kúlà fún bọ̀bọ́ yẹn, àmọ́ pé ọkàn yín ò sí nílé lọ́jọ́ yẹn, nítorí ojú Uncle Rilwan. Wọ́n ní ẹ ò lè purọ́ mọ́ àwọn, ẹ kàn gbàgbé ni. Wọ́n ní ó máa padà wá sí yín lọ́kàn.” Ó wò mí, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sir, ṣé ẹ ti wá rántí?”

Èmi tí mo fura sí gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kó fura sí mi kọ̀, kò fura sí mi títí ó fi wọ ilẹ̀. Ẹ gbà mí, mo ṣì ní, “Ó ti pẹ́, ọmọ mi. Mi ò rántí.” Ó ní, “Okay sir. Ẹ ṣé sir.” Ó tún kúnlẹ̀ kó tó lọ. Mo jókòó síbẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé, akọ̀wé mi sì ń kan ilẹ̀kùn.

Mo wa mọ́tò lọ sí Bramalea lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Tẹniọlá ti ń kẹ́rù ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pè é gòkè. Níwájú Rilwan, Fatimoh àti ọmọ náà, mo dọ̀bálẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, látorí kíṣìnì Mama Adélọ́lá títí dé “Èmi kẹ̀?” Fatimoh di ẹnu mú, ó ń sọ pé, “Subhanallah, Subhanallah.” Rilwan ní, “Nígbà tí mo pè ẹ́ sáàárín pápá, tí mo bi ẹ́ bóyá ọwọ́ mi ló ń tú àṣírí mi. O ti mọ̀?” Mo ní mo ti mọ̀. Ó ní, “Gbogbo ìgbà tó pè mí láti Ìbàdàn, tí mo bi ẹ́ bóyá kí n gbé e.” Kò parí ẹ̀. Ó dìde, ó yí ojú sí ọmọbìnrin náà, ọkùnrin tó ti ń lọ sí àádọ́ta ọdún, ó na gbogbo ara ẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlélógún. Ó ní, “Bá mi bẹ bàbá ẹ. Mo bú wọn títí wọ́n fi kú. Bá mi bẹ̀ wọ́n.” Ọmọ náà ń fà á lápá, ó ń sunkún, “Daddy, no, please, ẹ dìde, ẹ dìde.” Nígbà tó dìde, kò wò mí. Ó gbé báàgì ọmọ náà lọ́wọ́ ara ẹ̀, ó dá a padà sí yàrá ìsàlẹ̀. Láti ibi àtẹ̀gùn ló ti ní, “Barrister, ẹ máa lọ sílé yín.”

Mo bẹ yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mi tan orúkọ Ṣèyí Ọlárìndé kálẹ̀, ẹ bá mi sọ èyí náà kálẹ̀: kò ta ẹnikẹ́ni. Èmi ni. Tẹniọlá, ìyá ẹ, gbogbo ẹbí yín ní Ìbàdàn, mo tọrọ àforíjì, mi ò sì ní bínú tí ẹ ò bá fún mi. Ẹ̀yin ọmọ tó ń dàgbà bọ̀ nílùú yìí, tí ara bá fu yín sí ọ̀rẹ́ yín, ẹ bi í, ẹ tún bi í, kódà kẹ́ ẹ jà. Mo ti rí i pé èèyàn lè fura sí ohun tó jẹ́ òótọ́, kó sì fi ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Mo ti pe Rilwan láàárọ̀ àti lálẹ́ látọjọ́ náà, kò gbé e. Mi ò fura sí nǹkan kan. Mo mọ ìdí tí kò fi gbé e.